Oúnjẹ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́dọ̀ Jẹ

Ọ̀sẹ̀ tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọ́fíìsì wa pè mí pé àwọn ti rí arúgbó tuntun tí n ó máa tọ́jú. Ìyá àgbà kan ni, ọmọ Scotland, ayàwòrán. Wọ́n ń dá gbé nínú fúláàtì kan ní apá gúúsù Chicago, níbi tí èèyàn ti lè rí adágún ńlá láti ojú fèrèsé. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, kí n ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wẹ̀, kí n fún wọn lóògùn, kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ṣubú, kí n sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Obìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ti fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ kó tó rántí nǹkan kan. Ó ní, "Oh, and please, don't touch the food on the table." Mo ní oúnjẹ wo? Ó ní òun náà ò mọ̀, ohun tí ìyá náà sọ fún àwọn nìyẹn.

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń gbààwẹ̀, kí ló fẹ́ gbé ọwọ́ mi dé ibi oúnjẹ ẹlòmíì? Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láti Romeoville, ó jókòó tòun ti jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ní, "So iṣẹ́ tí wọ́n rí fún ẹ nínú Ramadan ni pé kó o máa ṣọ́ oúnjẹ? Kí lo ṣe fún wọn?"

Ohun àkọ́kọ́ tó fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti ìyá náà ni orúkọ. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Mo ní kò ṣeé ṣe. Obìnrin tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ, kí n máa dárúkọ wọn bí ẹni pé a jọ lọ sí súkúù? Mo ní Màmá ni n ó máa pè wọ́n. Wọ́n ní, "Èmi kì í ṣe màmá rẹ." Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní, "Mi ò sì bímọ rí." Mo ní ìyẹn ò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kí n ṣe bó bá ṣe wù mí. Òyìnbó là ń sọ o, tèmi jẹ́ ti Bolingbrook níbi tí à ń gbé, tiwọn jẹ́ ti Scotland, tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni mò ń gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rántí rẹ̀ báyìí, Yorùbá ló ń jáde lẹ́nu àwa méjèèjì.

Tábìlì náà wà nídìí fèrèsé, nínú pálọ̀ tó ń rùn fún ọ̀dà. Tábìlì igi àtijọ́ ni. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí rẹ̀, wọ́n wá to nǹkan sórí aṣọ náà: jọ́ọ̀gì aláwọ̀ búlúù kan tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́ díẹ̀, ápù méjì, àlùbọ́sà ńlá kan, búrẹ́dì tí wọ́n ti gé lára rẹ̀, àti, ẹ gbà mí o, odindi ẹja yíyan kan lórí ìwé ìròyìn. Ẹja yíyan! Láti ìgbà sààrì ni mi ò ti fi nǹkan kan kan ẹnu. Mo kọjú sí ògiri, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Màmá wẹ̀, wọ́n lo oògùn, wọ́n lọ rẹjú. Ìgbà tí mo ń kọjá lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Alásárì ni ojú mi tún lọ sórí tábìlì yẹn, ara mi ò sì gbà á mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nílé tí wọ́n bí mi sí ní Ìlọrin, ìyá mi lè gbójú fo ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí abọ́ oúnjẹ tí a ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo agboolé ló máa gbọ́. Abọ́ ni kí ẹ fi dé abọ́. Bí kò bá sí abọ́, ẹ fi àwo dé e. Ọbẹ̀ ní ìdérí, omi ní ìdérí, kódà ẹ̀kọ ọmọ tó ń rákò ní ìdérí. Mo mọ ohun tí ọ́fíìsì sọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ló fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bò ó, ìtọ́jú ló ń ṣe.

Bí mo ṣe gbé ẹja náà sínú àwo nìyẹn, tí mo kó búrẹ́dì tì í, tí mo fi abọ́ dé wọn. Mo fi àwo kékeré bo ẹnu jọ́ọ̀gì. Mo kó àwọn ápù náà jọ sí ibi kan kí wọ́n má baà yí ṣubú. Mo wá mú àlùbọ́sà, mo dá a padà sí kíṣíìnì, nítorí mi ò mọ ohun tí àlùbọ́sà ń wá ní pálọ̀. Mo gbọn aṣọ funfun náà pẹ̀lú, ó ti dọ̀tí, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i káàkiri. Mo nu gbogbo ìlà yẹn kúrò. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí ìyá mi rí mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà tán ni mo gbọ́ igbe.

Mo sáré débẹ̀, mo bá Màmá tí wọ́n fi ọwọ́ kan di ọ̀pá wọn mú, wọ́n na èkejì sí tábìlì. "Ta ló dé ibí? Ta ló wá síbí?" Ó wá yé mi pé ohun búburú kan ni mo ṣe, bí mi ò tilẹ̀ tíì mọ bó ṣe burú tó. Mo kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ gidi, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Màmá rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n gbàgbé ìbínú, wọ́n gbàgbé orúnkún tiwọn pàápàá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti fà mí dìde, wọ́n ń kígbe pé, "Ṣé o fara pa?" Mo ní rárá, mo ń bẹ̀ yín ni. Wọ́n ní kí n dìde ná kí n tó máa bẹ̀. Ọ̀pá yọ lọ́wọ́ wọn, mo gbá wọn mú, àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ gbì lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kí Màmá má baà ṣubú.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn láti ìgbà èwe ni pé kí wọ́n to nǹkan ilé ìdáná sórí tábìlì, kí wọ́n wò ó títí, kí wọ́n sì yà á. Ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn ló ń sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà. Ní ìlú tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ní Scotland, àwọn kan fẹ́ kó gbogbo àwòrán tí Màmá ti yà láyé wọn jọ sínú gbọ̀ngàn kan kí aráyé lè wò ó nígbà tí òtútù bá lọ, wọ́n sì ti fi àyè kan sílẹ̀ lára ògiri fún àwòrán tuntun. Ẹni tó máa wá gbé e yóò dé nígbà tí ààwẹ̀ mi bá ń parí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, wọn ò lè parí ohunkóhun. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha gbogbo rẹ̀ dànù. "Bí ògiri yẹn bá ṣófo," ni wọ́n wí, "wọ́n á ní obìnrin yìí ti kú, kò kàn tíì gbọ́ ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i pé omi wà lójú wọn. Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Mo lọ gbé àlùbọ́sà padà wá láti kíṣíìnì.

Màmá ò pe ọ́fíìsì láti fẹjọ́ mi sùn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n jókòó, kí n máa wo bí wọ́n ṣe ń tò ó padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olùṣọ́ oúnjẹ tòótọ́. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí ebi sì ti ń yí mi nínú, èmi nìyẹn níwájú búrẹ́dì àti ẹja yíyan, tí Màmá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ápù yẹn ò ti yí díẹ̀?" Mo ní, "Màmá, ojú tèmi ò dá a mọ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti ń jó lójú mi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi fún ẹja náà.

Ọ̀rọ̀ ayé wọn ò jáde lọ́wọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ́ sílẹ̀, bí wọ́n bá ti ń po ọ̀dà. Bàbá wọn ń yan ẹja ní ìlú kan létí òkun. Ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ yà, nítorí wọ́n ní ẹja nìkan ló máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé àwọn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán, àwọn olùkọ́ ní kí wọ́n ya òkè, kí wọ́n ya ogun, kí wọ́n ya ọba lórí ẹṣin. Wọ́n lọ ya ife ẹyin, abọ́ kékeré tí wọ́n máa ń gbé ẹyin bíbọ̀ lé. Olùkọ́ kan ní iṣẹ́ ìyàwó ilé nìyẹn. Wọ́n tún ya òmíràn, wọ́n sì gbé e kọ́ síbi tí ojú olùkọ́ náà máa tó o ní gbogbo òwúrọ̀. Ó wá ku ẹni tí yóò ra irú rẹ̀, ìyẹn náà pẹ́ kó tó dé. Wọ́n fẹ́ ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, wọ́n tẹ̀ lé e wá sí Chicago pẹ̀lú tábìlì yẹn, pẹ̀lú jọ́ọ̀gì búlúù tó jẹ́ ti ìyá wọn. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi bú ìmọ́lẹ̀ ìlú yìí pé ó le jù. Ìgbà tó di àsìkò yìnyín tí adágún dì, ìmọ́lẹ̀ wá rọ̀, wọ́n sì dákẹ́.

Mo bi wọ́n pé, "Màmá, látọjọ́ yìí, ẹ ò ya èèyàn rí?"

Wọ́n ní, "Èèyàn máa ń mira. Wọ́n sì tún máa ń sọ èrò ọkàn wọn."

Nígbà tí mo ròyìn yìí dé ilé, ọkọ mi ní, "Gbogbo career yẹn, on top àlùbọ́sà?" Ọmọbìnrin wa, tí wọ́n bí síbí, ò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Daddy, it's called still life. Mummy, má jẹ́ kí Daddy embarrass ẹ." Ọkọ mi ní òun ò ní wí nǹkan kan mọ́, àmọ́ kí n bá òun bi Màmá bóyá wọ́n lè ya dòdò.

Mo ń fi ṣeré, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí níbẹ̀ ń dùn mí. Màmá á ṣiṣẹ́ títí, ọwọ́ tó ń gbọ̀n á dúró ṣinṣin tí wọ́n bá ti fi kan aṣọ àwòrán, ápù á yọ, jọ́ọ̀gì á yọ, n ó máa sọ lọ́kàn pé Alihamdulilahi. Lẹ́yìn náà wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á wò ó, ojú wọn á ṣú. Wọ́n á mú ọ̀bẹ. Ìró ọ̀bẹ yẹn lára aṣọ, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sílẹ̀, pé ó dára. Wọ́n ní, "Ó dára. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ mi wà, mo mọ̀ pé bí mo bá yà á tán, ẹnì kan á wọlé, á jí búrẹ́dì yẹn jẹ. Ní báyìí, mo kàn ń tẹ́ tábìlì fún òfìfo."

Ààwẹ̀ ti lọ dé àárín nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìṣínu mi dání, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í jẹ́ kí n bá Màgàríbì nílé. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, nínú abọ́ tánganran funfun tí mo gbé láti Ìlọrin, mo fi àwo dé e, mo fi aṣọ dì í. Mo mọ̀wọ̀n ara mi, mi ò gbé e sún mọ́ tábìlì. Ojú fèrèsé kejì ni mo gbé e sí, mo tú aṣọ rẹ̀ kí ooru lè jáde díẹ̀. Màmá ti yàrá jáde, wọ́n rí i nínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n dúró.

"Kí nìyẹn?"

"Oúnjẹ mi ni, Màmá."

"Kí ló dé tó o fi pa á mọ́?"

"Mi ò pa á mọ́. Ó ń dúró dè mí ni."

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé, mo wá ṣàlàyé. Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe fún ẹni tí kò tíì dé. Mo sọ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún wọn, tó lọ ṣòwò ní Kano, tí a kò sì mọ ọjọ́ tí yóò padà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ìyá mi máa ń bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́, inú mi a sì máa dùn pé kò dé. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún bu òmíràn. Wọn kì í sunkún, wọn kì í sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n kàn ní àwọn ò fẹ́ kó bá ilé lófìfo.

"Ṣé ó padà wá?"

"Ó padà wá. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹrù sílẹ̀, ó ṣí abọ́, ó tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ kéré sí i. Ìyá mi ní, 'Ó ti délé nìyẹn.'"

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra rìn lọ sídìí tábìlì, wọ́n sì ṣe ohun tí mi ò rò pé mo lè rí láyé: wọ́n fọwọ́ ara wọn kó ẹja kúrò, wọ́n kó búrẹ́dì, wọ́n kó ápù, wọ́n gbé jọ́ọ̀gì búlúù sílẹ̀. Wọ́n fi àlùbọ́sà nìkan sílẹ̀. Wọ́n ní, "Gbé abọ́ yẹn wá síbí."

Mo gbé e wá. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká. Wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń yà á títí fóònù mi fi pe ìrun Màgàríbì. Mo na ọwọ́. Màmá ní, "Má ṣe fọwọ́ kàn án!"

"Màmá, oúnjẹ mi ni!"

"Díẹ̀ sí i. Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà."

Dàbínù àti omi ni mo fi ṣínu, mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ìrẹsì tèmi bó ṣe di oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ.

A wá fẹnu kò. Wọ́n á máa yà á níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá wà, èmi á máa dúró dè é kó wọ̀. Bó bá ti wọ̀, wọ́n á gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, èmi á gbé àwo kúrò lórí abọ́. Oòrùn kan náà ló ń dá àwa méjèèjì sílẹ̀. Mo ní kí n kúkú máa gbé òfìfo abọ́ wá fún wọn, ta ló máa mọ̀? Wọ́n ní, "Èmi á mọ̀." Torí náà ojoojúmọ́ ni mò ń se nǹkan gidi síbẹ̀, ẹ̀wà lónìí, mọ́ínmọ́ín lọ́la, ọbẹ̀ oníwàrà lọ́túnla. Bí mo bá ti wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi mí ni pé kí ló wà nínú rẹ̀ lónìí. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á mi orí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìdérí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n wò ó. Wọ́n mú ọ̀bẹ. Abọ́ funfun, àwo lórí rẹ̀, àlùbọ́sà kan tó ń ṣọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ lọ: èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa àwòrán, ó ń ṣe mí bíi kí n gbé àga kan sí i fún ẹni tó ń bọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n yí ọ̀bẹ náà padà, wọ́n fi ṣóńṣó rẹ̀ ha orúkọ wọn sísàlẹ̀ nínú ọ̀dà tútù. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí n jókòó jìnnà sí i, kí omi ojú mi má ta sí i.

Ọkùnrin tó ń ṣètò ògiri náà ní Scotland pè wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n gbé àwòrán dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, àmọ́ kí ló wà lábẹ́ àwo yẹn? Màmá ní, "Lánàá, ẹ̀wà ni. Tòní ò tíì dé."

Ọjọ́ tí ààwẹ̀ parí ni yìnyín ìkẹyìn ọdún náà já. Ọkọ̀ méjì gbá ara wọn níwájú wa lójú ọ̀nà, wọ́n dí gbogbo títì pa. Mo jókòó sínú mọ́tò títí ọ̀sán fi lọ. Mo pe Màmá, fóònù ń dún, wọn ò gbé e. Mo pè wọ́n, mo tún pè wọ́n. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìyá àgbà kan tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tí èmi ò sì sí níbẹ̀ láti gbá wọn mú. Ẹ̀rù bà mí débi pé Màgàríbì kọjá lórí mi, mi ò tiẹ̀ rántí pé ebi ń pa mí.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, kò sí iná. Màmá jókòó nídìí tábìlì, nínú ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù ní ojú fèrèsé. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò gbé fóònù?" Wọ́n ní ẹja ló wà lọ́wọ́ àwọn. Lórí aṣọ funfun, láàárín ìlà ṣọ́ọ̀kì tí abọ́ mi fi sílẹ̀, abọ́ kan wà níbẹ̀, wọ́n fi àwo dé e. Mo wá àlùbọ́sà títí, mi ò rí i.

Mo ṣí àwo. Ẹja yíyan ni, pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó, nínú mílíìkì. Mo mọ mílíìkì nínú wàrà, mi ò mọ̀ ọ́n nínú ẹja. Àlùbọ́sà náà wà níbẹ̀, àlùbọ́sà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sún, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́. Màmá ní oúnjẹ bàbá àwọn ni, wọn ò sè é mọ́ láti ìgbà tí ọkọ wọn ti lọ. Wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo ṣe bísímílà, mo bù ú sẹ́nu. Mo ní, "Màmá, iyọ̀ kéré sí i."

Wọ́n ní, "O ti délé nìyẹn."